Fìlà Tó Wà Lórí Ààrò Ìyá Mi

Tí mo bá ti kúrò nílé ìtẹ̀wé ní Bajulaiye, ní Ṣómólú, tí mo forí lé ọ̀dọ̀ ìyá mi létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ ti Bariga, imú mi ló máa ń ṣáájú mi débẹ̀. Láti ọ̀nà jíjìn ni èéfín ẹja á ti wá pàdé mi, èéfín ọlọ́ràá tó ń dun imú tó sì ń ta ojú. Èmi náà á gbé òórùn ínkì àti kẹrosíìnì tí mo fi fọwọ́ lọ bá a. Ìyá mi á ní, "Atẹ̀wé ti dé o, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹja mi." Ọmọ Ìjẹ̀bú ẹ̀bá omi ni ìyá mi, ẹja yíyan ló sì fi tọ́ gbogbo wa. Orí ilẹ̀ tí òun àtàwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ fi èérún pákó àti iyanrìn kún díẹ̀díẹ̀ títí omi fi sún sẹ́yìn ni wọ́n kọ́ àtíbàbà wọn sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn, bí ìgbà tó bú wọn ni.

Nígbà tí sọ́jà ṣì ń ṣèjọba ni àwọn kan kọ́kọ́ gbé katapílà wá. Wọ́n ní ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwa, ká kó kúrò. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe Dípíò àdúgbò wa, ọ̀gá ọlọ́pàá tí gbogbo Bariga ń bẹ̀rù, pé kó wá dúró tì wọ́n kí wọ́n lè ráyè ṣiṣẹ́ wọn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ṣojú mi. Ọkùnrin náà dé, ó rìn yí gbogbo ibẹ̀ ká, ó wá jókòó sórí àpótí ìyá mi, ó ní kí wọ́n bu omi fún òun. Ó mu omi náà tán pátápátá. Lẹ́yìn náà ló bọ́ fìlà iṣẹ́ rẹ̀, tó gbé e lé igun kan lórí wáyà ààrò tí iná rẹ̀ ti kú. Ó kọjú sí àwọn tó pè é.

Ó ní, "Ẹni tó bá láyà kó gbé fìlà yìí kúrò níbẹ̀, kó wá máa wó o lọ."

Kò sẹ́ni tó gbé e. Wọ́n yí katapílà wọn padà, àwọn obìnrin sì bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, kí n má purọ́. O mọ bí ìgbà yẹn ṣe rí, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá rí yunifọ́ọ̀mù, ńṣe ló máa ń wá ibi tó máa gbà. Pé ẹnì kan wọ yunifọ́ọ̀mù kó wá fi gbèjà ẹlẹ́ja, a ò rí irú rẹ̀ rí.

Láti ọjọ́ náà, bí ìyá mi bá ń to ẹja sórí ààrò, kì í tò ó dé igun tí fìlà náà jókòó sí. Ibẹ̀ á ṣófo gbáà, bí ẹja ti wù kó pọ̀ tó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, "Ìyáálé, ẹ ti fi ibùsùn sílẹ̀ fún fìlà." Òun á ní àyè olóore ni. Nígbà tó yá, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi igun kan sílẹ̀ lórí ààrò tiwọn, ó sì di àṣà létí omi níbẹ̀.

Sọ́jà lọ, alágbádá dé. Dípíò ti fẹ̀yìntì nígbà náà, ó sì jáde pé òun fẹ́ lọ ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀. Ọ̀dọ̀ tiwa ló gbé pósítà rẹ̀ wá. Àwọn obìnrin náà wá bá mi ní Bajulaiye pẹ̀lú òórùn ẹja lára aṣọ wọn, wọ́n ní tí fìlà ò bá sí nínú pósítà náà, àwọn ò ní lẹ̀ ẹ́. Bó ṣe di pé a ya ọkùnrin náà nínú agbádá nìyẹn, tí a fi fìlà ọlọ́pàá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí a sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Abẹ́ fìlà mi lẹ wà." Ní Ṣómólú, ìwé tó bá bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ, àwọn tó ń ta nǹkan jíjẹ ló ń gbà á láti fi di ọjà. Ìyá mi kò gbà kí wọ́n ṣe pósítà yìí bẹ́ẹ̀. Ó ní ojú olóore kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń di ẹja.

Ọkùnrin náà wọlé ìbò wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ òjò kò tíì rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn tí a jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí a rí ọ̀dà pupa lára àwọn àtíbàbà, àmì pé wọ́n fẹ́ wó wọn. Àwọn tó wà lápá kejì etí omi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n tú pákó wọn, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn obìnrin tiwa mú pósítà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ bo ọ̀dà pupa náà. Lójú tiwọn, fìlà yẹn náà ni, kò sì sẹ́ni tó máa láyà láti gbé e kúrò. Mo tẹ̀ lé ìyá mi lọ sí ọ́fíìsì ọkùnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín sí wa.

"Màmá, ṣé ẹ ti gbàgbé mi ni? Ẹ lọ máa yan ẹja yín jàre."

Mo ti bá ìyá mi wá àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé wa, mo tún ti bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Ó ní, "Ṣé kí n máa kó ẹrù lójú ẹni tó ní kí n jókòó?"

Katapílà dé lọ́jọ́ kan, àwọn ọlọ́pàá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì pọ̀ ju tàtijọ́ lọ. Ọkàn àwọn obìnrin ṣì balẹ̀ díẹ̀, nítorí jíìpù ọkùnrin náà wà láàárín wọn. Ìyá mi sáré gbé àpótí jáde, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó bu omi sínú ife, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù. Gíláàsì ọkọ̀ náà wálẹ̀ díẹ̀.

Ọkùnrin náà ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Ó ti kọjá agbára mi."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá. Ẹ ṣáà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ bá wa gbé fìlà yín lé ààrò bíi tọjọ́sí."

Fìlà aṣọ òkè kan wà lórí rẹ̀, tuntun, ó le gbagidi. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè lọ bá a. Mo rò pé ó fẹ́ bọ́ ọ, gbogbo wa la rò bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin kan tiẹ̀ ti ń sún mọ́ ọkọ̀. Ó fà á síwájú díẹ̀, ó tún un dé.

"Ẹ tètè kó ẹrù yín, Màmá." Gíláàsì gòkè padà.

Ìyá mi ṣì mú omi náà dání nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Pósítà tí èmi fọwọ́ ara mi tẹ̀ ló kọ́kọ́ ya, pákó tẹ̀ lé e, katapílà sì gun orí ààrò kọjá bí ẹni gun páànù. Ó dùn mí dé akínyẹmí ara. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ká ní kò sọ pé ká jókòó ni, pákó tiwa náà ì bá ti bá ti ará apá kejì lọ.

Nígbà tí ìbò mìíràn súnmọ́, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan wá bá mi pé irú pósítà àtijọ́ náà ni ọ̀gá fẹ́. Mo sọ fún ìyá mi, tó ti ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ó ń fọ ẹja lọ́wọ́.

Ó ní, "Tẹ̀ ẹ́ fún un, iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n yọ fìlà yẹn kúrò níbẹ̀."

Ọmọ ẹ̀yìn náà kò gbà, ó gbé iṣẹ́ náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé mìíràn, wọn kì í kúkú wọ́n ní Ṣómólú. Kò pẹ́ tí fìlà náà tún fi gba gbogbo ògiri kan.

Mo ti rò ó títí. N kò ní sọ pé irọ́ ni oore àkọ́kọ́, nítorí ilé wa dúró ọ̀pọ̀ ọdún lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n fìlà tó bọ́ fún wa lọ́jọ́ náà, ìjọba ló ni ín. Ìgbà tó wá ku tirẹ̀ gan-an, kò lè ṣí i lórí. Mo ra ààrò tuntun fún ìyá mi, ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé la gbé e sí, àwọn aládùúgbò sì ń ráhùn èéfín. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dáná sí i, mo dúró tì í, mò ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń to ẹja. Ó tò ó dé igun kìíní, ó tò ó dé igun kejì, ó sì tò ó kún gbogbo wáyà náà bámúbámú.