Sídì Tí A Kò Pa Dé

Òórùn òjé tó ń yọ́ ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọyẹ́ nílé wa ní Ṣakí. Bàbá mi á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ rẹ̀, á ti ki irin gbígbóná bọ inú ẹ̀rọ kan tó tú sílẹ̀, èéfín òjé á sì máa dà pọ̀ mọ́ èéfín igi tí ìyá mi fi ń se omi gbígbóná. Títí dòní, bí mo bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún rédíò ṣe kọjá, ọkàn mi á kọ́kọ́ balẹ̀, lẹ́yìn náà àyà mi á já. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ jù nínú mi, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹlòmíràn nínú àwọn tí a jọ dàgbà ní irú rẹ̀ lára.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́njú nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ń kógbá sílé á rántí. Bàbá mi ló ń gba ohùn àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù àti àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ládùúgbò wa. Ó to páálí ẹyin mọ́ ògiri yàrá kan, ó kan fóòmù àtijọ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí ohùn má baà máa ta padà. Ìyá mi a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ìdí rèé tí Bàbá Sìlífá fi kó gbogbo wa sínú páálí." Èmi ni Sìlífá yẹn.

Ìyá mi ló ń léwájú orin wákà nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wọn. Ohùn rẹ̀ kò tín-ín-rín. Ó fẹ̀, ó sì rọ̀ bí òrí tó ń yọ́ lórí iná. Bó bá ń gún iyán, tó ń kọrin sí i, àwọn tó ń ti oko bọ̀ á dúró lẹ́yìn ọgbà wa, wọn á ṣe bí ẹni tó ń so okùn bàtà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní "ọmọ olórin" láti fi mí ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n kò dùn mí. Mo rò pé ìlara ni.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan wú sí i lọ́rùn. A pè é ní gẹ̀gẹ̀, ó ń fi ìbòrí bò ó. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há láàárọ̀, nígbà tó yá ó ń há títí di ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ tí bàbá mi gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Ìbàdàn, wọ́n mú mi dání nítorí ilé-ìwé ti gba ìsinmi. Mo jókòó sáàárín àwọn méjèèjì nínú mọ́tò. A gba Ìṣẹ́yìn kọjá, koríko ti jó dúdú lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí dókítà fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n dúró síta. Bí wọ́n ti jáde, bàbá mi di ìyá mi lọ́wọ́ mú ní gbangba, ohun tí mi ò rí rí, ẹ̀rù sì bà mí ju bí ẹni pé wọ́n ń sunkún lọ. Wọ́n máa gé nǹkan náà kúrò. Ẹnikẹ́ni ò lè ṣèlérí pé ohùn rẹ̀ ò ní bá a lọ.

Ìyá mi ló ní kí a má tíì lọ sí gáréèjì. Ó ti pẹ́ tí bàbá mi ti ń sọ pé kásẹ́ẹ̀tì ń hó lábẹ́ orin bí òjò tó ń rọ̀ lókèèrè, pé òun ń wá ẹ̀rọ tó lè kọ orin sórí sídì láìsí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ jẹ́ ká lọ rà á lónìí," ni ìyá mi wí. "Mi ò fẹ́ kí òjò yín máa rọ̀ lé mi lórí."

Ní ṣọ́ọ̀bù ọjà tòkunbọ̀ tí a wọ̀, ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó ń dán lè kọ́kọ́ tọ́jú orin sínú ara rẹ̀, kí èèyàn gé e, kí ó tún un tò, kí ó tó kọ ọ́ sórí sídì. Ṣùgbọ́n sídì tí wọ́n ṣe fún orin nìkan ló ń gbà, kò sì sí irú rẹ̀ ní Ṣakí. Ìkejì wúwo, ara rẹ̀ ti ha, ohun tó bá sì ti kọ kò ṣeé pa rẹ́. Àmọ́ kò sí sídì tí kì í gbà, ihò wáyà rẹ̀ sì bá ẹ̀rọ tí bàbá mi fi ń po ohùn pọ̀ mu.

"Àlájì, ẹ gbé èyí tó ń dán," ni ọlọ́jà wí.

"Èmi ò tíì dé Mẹ́kà."

"Òun ló máa gbé yín débẹ̀!"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Bàbá Sìlífá, ẹ má ra ẹṣin tó jẹ́ pé òkèèrè ni koríko rẹ̀ wà." Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe mú èyí tó wúwo.

Bí a ti fẹ́ máa lọ, ọlọ́jà náà fi bọ́tìnnì kan hàn án. "Ẹ gbọ́ o. Bí orin bá ti pé, ẹ pa á dé. Bí ẹ ò bá pa á dé, kò ní kọrin nínú ẹ̀rọ tí àwọn èèyàn ní nílé. Bí ẹ bá sì ti pa á dé, ẹ ò lè fi nǹkan kan kún un mọ́."

Pa á dé. Ọ̀rọ̀ yẹn la gbé wálé.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wá sínú yàrá páálí ẹyin láti gbe orin. Ìyá Àmúdá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló ṣáájú wọn. Bàbá mi gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn àká aládùúgbò kí ariwo rẹ̀ má baà wọlé. Ó fa ohùn ìyá mi síwájú, ó ti àwọn elégbè sẹ́yìn díẹ̀, ó ń yí bọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Mo rántí ìlà yìí:

"Ó fẹ̀mí lé mi lọ́wọ́ bí omi,
Kò dà nù títí mo fi délé."

Nígbà tó rẹ ìyá mi, ó dáwọ́ dúró, ó ń mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Bàbá mi wo ojú ẹ̀rọ. Ó ní, "Ó kù ká pa á dé."

Ìyá Àmúdá gbójú sókè. "Ká pa kí ni dé?"

"Ohùn tó wà nínú sídì ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ohùn àbúrò mi? Ojú òkú ni wọ́n ń pa dé o! Ẹni yìí ló jókòó tó ń mumi yìí."

"Ẹ̀gbọ́n, èdè ẹ̀rọ ni."

"Kí ẹ̀rọ lọ kọ́ èdè mìíràn!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi ìyá mi. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà. "Àyè ṣì kù nínú rẹ̀, àbí? Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ abẹ dé, màá kọ èyí tó kù. Ìgbà náà la óò jọ pa á dé."

Bàbá mi yọwọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní òpè. Ó mọ ohun tí ọlọ́jà wí. Ṣùgbọ́n ta ló máa tẹ bọ́tìnnì yẹn lójú ìyàwó rẹ̀, kí ó jẹ́ bí ẹni pé ó ń sọ fún un pé kò ní padà wá?

Ó padà wá, ohùn rẹ̀ ni kò bá a wá. Èémí lásán ló ń jáde. Nírọ̀lẹ́, bàbá mi á fi sídì náà sínú ẹ̀rọ, ìyá mi á jókòó tì í, á máa gbọ́ ara rẹ̀, á gbé ọwọ́ lé ọrùn. Bàbá mi na ìka sí bọ́tìnnì náà nígbà kan. Ìyá mi mi orí: rárá. Inú mi dùn gan-an. Lójú tèmi, bí àyè yẹn bá ṣì ṣófo, ohùn náà gbọ́dọ̀ padà wá kún un. Èmi àti òun nìkan ló jọ gbà bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé ìgbàgbọ́ wa tó.

Òjò àkọ́rọ̀ ló dé pẹ̀lú mànàmáná. Iná ọba gbóná lójijì, ẹ̀rọ náà jó, ó ń rùn bí irun tí iná rà. Bàbá mi fi sídì sínú ẹ̀rọ mìíràn, irú èyí tó wà nílé àwọn èèyàn. Ó yí, ó yí, ó dúró, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò kọrin sínú rẹ̀ rí. Kí ọyẹ́ tó tún dé, ìyá mi kú. Ìyá Àmúdá ló pa á lójú dé. Bàbá mi kó páálí ẹyin kúrò lára ògiri, ó fi yàrá náà kó iṣu sí.

Mo ti parí yunifásítì báyìí, mo ń wáṣẹ́ n'Ìbàdàn. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ló sọ fún mi pé ẹ̀rọ mìíràn tó ń kọ orin sórí sídì lè mọ sídì tí wọn ò pa dé. Mo wá ọ̀kan rí lọ́jà tòkunbọ̀. Mo yẹ ihò wáyà rẹ̀ wò. Ooru àjà ilé wa, níbi tí mo ti lọ mú sídì náà wá, ti bó ojú rẹ̀. Orin àkọ́kọ́ jáde tán pátá. Èkejì ń já, ìyókù dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ náà fi àyè tó ṣófo hàn mí.

Mo pe bàbá mi.

"Ó sọ̀rọ̀?"

"Ó kọ orin kan, bàbá."

"Àyè ṣì kù?"

"Ó kù."

Mò ń gbọ́ àwọn ewúrẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. "Pa á dé, Sìlífá."

Mo tẹ bọ́tìnnì náà. Iná pupa kan ń ṣẹ́jú títí ó fi kú. "Mo ti pa á dé."

"Ìnnà lílláhì wa ìnnà ìlaìhi rájíùn," ni bàbá mi wí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Orin náà ti wà lórí fóònù mi báyìí, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí Ìyá Àmúdá. Ohun tí bàbá mi torí rẹ̀ ra ẹ̀rọ ti wà lọ́wọ́ mi, ó sì yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mò ń jowú ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn. Kò ní orin kankan tó lè fi han ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó ní ẹni tó ń retí. Èmi ní orin tí ẹ̀rọ èyíkéyìí lè kọ.