Bí Alága Ṣe Tọ́jú Kòkòrò

Ní aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 1985, ni mo ka àbá mi síwájú ìgbìmọ̀ àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyá àgbà tó bí màmá mi ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Elégédé ló ń gbìn jẹun, ó sì ti di ọdún kejì tí òdòdó ń rẹ̀ dànù láìso. Mo ṣọ́ wọn láàárọ̀ mẹ́sàn-án; n kò rí oyin kan. Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo àyíká, wọ́n ń pè é ní ọ̀làjú.

Mo ní kí a gbin òdòdó sórí ilẹ̀ àdúgbò tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, kí oyin àti labalábá lè rí jẹ. Alága, wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì, wò mí.

"Ọmọ yunifásítì, àbí oyin ló fún ọ ní dìgírí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fọwọ́ sí i. N kò rò pé ẹni méjì nínú wọn gbọ́ ohun tí mo kà.

Èmi àti ìyá àgbà nìkan la gbin ẹ̀fínrín àti yúnyún. Ìgbìmọ̀ wá ya fọ́tò. Nígbà tí ẹ̀fínrín tanná, oyin dé.

"Àlejò mi ti dé o," ni ìyá àgbà wí.

Ní Sátidé kan mo ti Òdògbólú dé, òórùn oògùn gba imú mi. Alága dúró láàárín ọgbà, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín kòkó kọ́ ẹ̀yìn.

"Bàbá, kí lẹ ṣe?"

"Ohun tó o kọ." Ó fa ìwé mi yọ. "'Ọgbà tí a ó ti máa tọ́jú kòkòrò.' A ti tọ́jú wọn."

Lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ́. Ẹni tó bá kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí wolé-wolé, òun náà kò gbọ́n. Ṣùgbọ́n èmi kò fi ọgbọ́n ọgbọ̀n ọdún iṣẹ́ ìjọba pa oyin.

Ìyá àgbà kò bá a jà. Ó bi mí pé, "Ṣé òdòdó ti òní náà á tún rẹ̀ dànù?"

Mo já akọ òdòdó elégédé, mo fi lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ra inú abo mẹ́rin, bí oyin ṣe máa ń ṣe kí wọ́n lè so.

"Ẹ wá wo oyin oníwèé ẹ̀rí!" ni Alága ń pariwo.

Ọjọ́ kẹsàn-án, kí n tó kó lọ síbi iṣẹ́ tí mo rí ní Ìbẹ̀fun, mo wo abo mẹ́rin náà. Mẹ́ta ti rẹ̀. Ìkẹrin ti so, ó tó ìkúùkù mi.