Orúkọ Ìyá Témpí

Ọdún mẹ́fà ni Adédùntán fi tọ́jú Màmá Giulia ní Torino, nílẹ̀ Ítálì. Àdúgbò Barriera di Milano nínú ìlú náà ni òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Olúwatómisìn, ń gbé. Aago méje àárọ̀ ni yóò ti wọ bọ́ọ̀sì, kí ó tó di mẹ́jọ, ó ti ń gbé omi kọfí kaná nílé arúgbó náà. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń fi ìpara ra ẹsẹ̀ wọn tí kò lè rìn mọ́, òun náà ló ń ti kẹ̀kẹ́ wọn lọ sí etí odò Po nígbà tí oòrùn bá yọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni Màmá Giulia kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Orúkọ tí àwọn ará Ìlú Ọba ń sọ ọmọ wọn ní bí irinwó ọdún sẹ́yìn ni iṣẹ́ wọn dá lé, ọjọ́ ogbó kò sì mú kí wọ́n fi í sílẹ̀.

"Láyé ìgbà yẹn, Adé," wọ́n á ní, "bí o bá pe John tàbí William lójú títì, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni yóò dáhùn. Elizabeth, Margaret àti Anne ni tàwọn obìnrin. Àfi àwọn tí ẹ̀sìn wọn le ló ń fi ìwà sọ ọmọ: Prudence, Patience, Temperance."

Adédùntán bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, Prudence mẹ́ta ló wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa níbí. Patience kò lóǹkà. Temperance gan-an ni orúkọ ìyá tó bí ìyá mi."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Màmá Giulia. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kò ti tán mọ́. Wọ́n ní àwọn ń kọ ìwé kan, àwọn fẹ́ mọ ibi tí àwọn orúkọ náà gbà lọ nígbà tí àwọn tó ni wọ́n pa wọ́n tì. Adédùntán a máa bó ọ̀dùnkún, a máa sọ̀rọ̀. Màmá Giulia a máa kọ ọ́ sílẹ̀. "Orúkọ rẹ á wà nínú ìwé yìí, gàdàgbà," ni wọ́n máa ń wí. Inú Adédùntán a sì dùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, fóònù dún. Wọ́n ti tún rí àbúrò Màmá Giulia ọkùnrin nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìlú Collegno nítòsí, ọtí ti gbé e ṣubú. Arúgbó náà sunkún bí ọmọdé. "Ogójì ọdún ni mo fi ń bò ó, Adé. Kò sẹ́ni tó mọ̀."

Adédùntán kò lè wo ẹkún àgbà. Ó fa àga sún mọ́ wọn, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún ọmọ bíbí inú rẹ̀ rí.

Ìyá Témpí ni gbogbo Ìjerò ń pe ìyá ìyá rẹ̀. Ìyá tó bí Ìyá Témpí sin ọmọ mẹ́ta tẹ̀ léra, ọtí ló sì sá di. Nígbà tí ó bí ọmọbìnrin tó dúró, ó gbé e lọ sí ilé ìsìn fún ìrìbọmi, ìyàwó òyìnbó ajíhìnrere sì sọ ọmọ náà ní Temperance. Inú abiyamọ dùn. Ó ń fi orúkọ náà kọrin káàkiri ìlú, títí ògbufọ̀ fi túmọ̀ rẹ̀ fún un: ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, pàápàá lórí ọtí. Òun ni wọ́n fi orúkọ ọmọ rẹ̀ bú. Láti ọjọ́ náà kò kọrin mọ́, kò sì lọ sí ilé ìsìn mọ́.

"Ìyá Témpí ló sọ ọ́ fún mi kí wọ́n tó kú," ni Adédùntán wí. "Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ èyí."

Màmá Giulia dì í lọ́wọ́ mú. "Ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ni."

Ìwé náà jáde ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, ìlú Padova ni wọ́n sì ti ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀, níbi tí Màmá Giulia ti kọ́ni rí. Adédùntán wọ aṣọ aláràbarà tó fi ń ṣe ọdún Àjíǹde. Ó ti kẹ̀kẹ́ wọn wọ gbọ̀ngàn náà, ó sì jókòó níwájú, ó ń dúró de orúkọ rẹ̀.

Màmá Giulia ṣí ìwé, wọ́n ń kà. Adédùntán gbọ́ "badante mi kan, ará Nàìjíríà," bí wọ́n ṣe ń pe olùtọ́jú arúgbó níbẹ̀. Ó gbọ́ Temperance. Ó gbọ́ nípa ọ̀mùtí obìnrin kan tó ń fi orúkọ tó ń bú u kọrin káàkiri ìlú. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ nù.

Síbẹ̀ òun náà ló ti kẹ̀kẹ́ padà sí ibùdókọ̀ ojú irin, òun ló fi aṣọ bo ẹsẹ̀ arúgbó náà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kọjá ìlú Verona, Adédùntán kọjú sí wọn.

"Màmá, ẹ ṣèlérí."

"Mi ò dárúkọ rẹ, Adé. Mo fi dáàbò bò ọ́ ni. Ta ló máa mọ̀ pé ìwọ ni?"

"Orúkọ tèmi tí ẹ ní ẹ máa kọ, ẹ yọ ọ́. Tàwọn ìyá mi tí mo ní kí ẹ fi pa mọ́, ẹ kọ ọ́ síta."

"Ìtàn tó ṣọ̀wọ́n ni. Ogún ọdún ni mo ti ń wá irú rẹ̀."

"Àbúrò yín ńkọ́? Ojú ìwé wo ni tiwọn wà?"

Màmá Giulia yíjú sí fèrèsé. Adédùntán fẹ́ bú wọn, ó kàn fẹ́ pe àgbà ní "ìwọ" lẹ́ẹ̀kan péré, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ohun tó dùn ún jù ni pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dalẹ̀ Ìyá Témpí. Ẹni tó gbé àṣírí náà fún ni kò bá a gbé e.

Adédùntán pinnu láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò já arúgbó náà jù sílẹ̀ lójijì. Ó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ Ìbíwùmí, ọmọ ìjọ rẹ̀, níṣẹ́ náà, ó fi ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá hàn án, ó sì lọ gba iṣẹ́ ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí kan, ní Settimo. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó jókòó ti Olúwatómisìn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Perché non me l'hai mai detto?" ni ọmọ náà bi í, ó fẹ́ mọ ìdí tí kò fi sọ ọ́ fún òun rí.

"Wọ́n ní kí n má sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ti wà lójà báyìí, ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kí o bá a pàdé níbẹ̀."

Lẹ́tà Màmá Giulia dé nígbà ẹ̀rùn: bí wọ́n bá tún ìwé náà tẹ̀, àwọn á yọ ojú ìwé náà. Adédùntán kò fèsì. Ní ọjọ́ kejì ọdún Kérésì, fóònù rẹ̀ dún, ó sì gbé e.

"Adé?"

Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.

"Ẹ kú ọdún, Màmá," ni ó wí, ó sì pa fóònù.