Fìríìjì Tí Kálukú Ń Ṣí

Èmi Rhoda, agbálẹ̀ ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn Kábà, èmi ni mò ń da kẹrosíìnì sínú fìríìjì wọn láràárọ̀, torí kẹrosíìnì ló ń lò, kì í ṣe iná mànàmáná. Ẹni tó bá ní agbálẹ̀ ò mọ nǹkan kan, kó lọ bi Nọ́ọ̀sì Adétutù.

Ọmọ Ìyàrá ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, olórí kunkun paraku. Abẹ́ Kwara la ṣì wà nígbà náà. Inú yìnyín ni wọ́n ti ń gbé abẹ́rẹ́ èéyi àwọn ọmọdé wá láti Ìlọrin. Alàgbà Kọ́láwọlé, alága ìgbìmọ̀ wa, ní ìlú ló ni fìríìjì. Olùpòògùn ní òun ni, ṣebí yàrá òun ló wà. Ẹnu wọn ò kò rárá. Kálukú ń ṣí i bó ṣe wù ú, torí omi tútù. Adétutù kìlọ̀ títí pé ooru ń pa abẹ́rẹ́. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí alága ń sìnkú ìyá rẹ̀, ó ní kí wọ́n kó abẹ́rẹ́ síta, kí wọ́n fi ẹran màlúù sínú fìríìjì. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyá pọn ọmọ dé láti Òkè-Bùkún. Adétutù fọwọ́ kan ìgò abẹ́rẹ́, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Alága ní kó gún wọn bẹ́ẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á kọ̀wé sí Ìlọrin kí wọ́n gbé e kúrò.

“Bàbá, ẹ kọ̀wé yín. Mi ò ní gún ọmọ kankan ní omi lásán. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa jáde lọ sọ fún wọn pé ẹran ìsìnkú ìyá yín ló gbàyè abẹ́rẹ́ ọmọ wọn.”

Alága jáde lọ sọ fún wọn lóòótọ́. Ìyá kan bi í pé bí èéyi bá mú ọmọ òun ńkọ́? Ó yíjú, ó wọlé padà. Inú mi dùn, mi ò purọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn Adétutù pe gbogbo wa jọ, ó sì gbé àga fún èmi náà. Ó ní ẹni tó ń da kẹrosíìnì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ni fìríìjì yìí wà fún. A jiyàn títí di ọ̀sán kí ẹnu wa tó kò: abẹ́rẹ́ ọmọdé nìkan ni, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ yí òfin náà padà láìpe ìgbìmọ̀. Alága náà fọwọ́ sí i.

Síbẹ̀ ó kọ lẹ́tà rẹ̀. Wọ́n gbé Adétutù lọ sí Egbe. Èmi ló fi kọ́kọ́rọ́ fìríìjì lé lọ́wọ́. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí alága gbé ọtí wá pé kí n bá òun fi sínú òtútù.

Mo ní kó pe ìgbìmọ̀ jọ. Títí dòní, kò tíì pè é.