Ọwọ́ Tó Ń Jà Lójú Oorun

Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti wà nílé ọkọ mi, kò sì fi ìbínú na ọwọ́ sí mi rí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ lè mú kí ẹ rò pé mò ń gbèjà rẹ̀. Èmi kọ́ ni obìnrin tí í gbèjà ẹni tó bá jẹ̀bi. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní Ìkòròdú á jẹ́rìí sí i pé mi ò kì í gba gbẹ̀rẹ́.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ mi ń tún ṣe ní Ìpakodò. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì rọrùn láti rẹ́rìn-ín mọ́, àwọn ènìyàn wá ń rò pé ó ń bínú sí wọn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní Pákínsìn ni, pé inú ọpọlọ ni àìsàn náà ti ń wá. Ó fún un ní oògùn, ó sì ní kí a lọ rí ọmọbìnrin kan nínú ọsibítù náà tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní eré ìdárayá.

Ọmọbìnrin yìí kò ju àbígbẹ̀yìn wa lọ. Ó ní kí ọkọ mi máa rìn láràárọ̀, kí ó máa gbé ẹsẹ̀ gígùn bí ẹni tó fẹ́ dá gọ́tà kọjá, kí ó máa ju apá, kí ó sì máa dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìdi nǹkan kan mú. Ó ní bí ó bá ń ṣe é déédéé, ara rẹ̀ á fúyẹ́, á sì máa rí oorun sùn dáadáa. Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Nígbà tí a délé, ó ní òun ti ń fi ẹsẹ̀ òun rìn kí wọ́n tó bí ìyá ọmọ náà, ta ni yóò wá kọ́ òun ní ìrìn? Mo bẹ̀ ẹ́. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ń ka "ọ̀tún, òsì" fún un nínú pálọ̀ bí ẹni tó kó ọmọ kíláàsì kìíní jọ. Àwọn ọmọ wa pè é lórí fóònù, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. "Mo ti gbọ́," ni ó ń wí fún gbogbo wa, kò sì kúrò lórí àga.

Oorun ló wá dá wàhálà tòótọ́ sílẹ̀. Ọkọ mi á sùn lọ, kò ní pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹsẹ̀, á máa ju ẹ̀ṣẹ́, á máa kígbe ọ̀rọ̀ tí kò yé mi mọ́ ẹni tí èmi kò rí. Ní ọjọ́ kan, ẹ̀ṣẹ́ náà bà mí lójú òsì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ti wú, ó ti dúdú. Òun fúnra rẹ̀ ló bi mí pé kí ló ṣe mí lójú. Ohun kan ṣoṣo tó rántí ni pé òun ń bá àwọn kan jà lójú àlá. Nígbà tí mo sọ fún un pé òun ni, kò jẹ oúnjẹ àárọ̀, kò jẹ tọ̀sán.

A padà lọ bá dókítà. Ó ní bí ènìyàn bá ń lálá, ara a máa dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ti ọkọ mi ni kò dákẹ́ mọ́, ohun tó bá ń ṣe lójú àlá ni ọwọ́ rẹ̀ náà ń ṣe. Ó ní àìsàn kan náà ni. Ó ní kí a ya ibùsùn wa sọ́tọ̀, kí a kó tábìlì àti ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó kúrò nítòsí, kí ọkọ mi má máa sùn lọ́sàn-án, kí ó sì rìn. Kò tàn wá jẹ o: ó ní ìrìn kò ní dá ẹ̀ṣẹ́ náà dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sùn, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò dẹnu kọlẹ̀. Ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó ní, "Ìyá wọn, ọwọ́ tèmi náà ṣáà ni."

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti gbà kí oorun gbé òun mọ́. Mo ra ibùsùn mìíràn, mo gbé e sí apá kejì yàrá. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí mo bá ti sùn, á dìde lọ sí pálọ̀, á jókòó sórí àga onígi kí oorun má baà rí i gbé. Lọ́sàn-án, orí rẹ̀ á ṣubú sí àyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń burú sí i. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà, ṣe ni àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ṣubú ní ilé ìwẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo rí i pé bí kò bá sùn, yóò kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, inú sì ń bí mi sí i, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Àṣìṣe tèmi ni pé mo purọ́. Wọ́n ń sọmọ lórúkọ nílé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ẹ̀pẹ́, mo sì lọ pẹ̀lú ojú tí kò tíì wálẹ̀. Wọ́n bi mí, mo ní ilẹ̀kùn ni mo forí sọ. Ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù ni, mi ò fẹ́ kó dé ìta. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní àwọn ayé ló ń bá ọkọ mi jà lójú oorun, wọ́n á máa gbé wa láti ọ̀dọ̀ alùfáà kan dé òmíràn. Mo gbàgbé pé gbogbo obìnrin tí ọkọ ń lù, ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n jọ ń forí sọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wo ojú mi, ó bu oúnjẹ fún mi.

Ọjọ́ kẹrin ni ẹ̀gbọ́n mi dé sí Ìkòròdú. Òun ni olórí ẹbí wa láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Kì í wá sílé mi láìgbé ẹja yíyan láti Ọjà Olúwo dání, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfìfo ló wá lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé omi fún un, kò mu ún. Ọkọ mi ń gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ló lè dé, ẹ̀gbọ́n mi kò sì ní kó fi sílẹ̀.

"Àna, ta ló lu àbúrò mi?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n," ni ọkọ mi wí. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ọjọ́ tí wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́, Bàbá ní bí ó bá ti sú mi, kí n dá a padà, kí n má lù ú. Kò sú mi, ṣùgbọ́n mo ti lù ú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ."

Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Mo bi í bóyá ewúrẹ́ ni mí tí wọ́n fẹ́ fà padà fún ẹni tó ni í. Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, mo sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀: àlá, ẹ̀ṣẹ́, ohun tí dókítà wí, irọ́ tí mo pa ní Ẹ̀pẹ́.

"Lójú oorun?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Bọ̀dá mi, lójú oorun ni."

"Àìsàn yìí mà gbọ́n o. Ìyàwó nìkan ló mọ̀ ọ́n lù." Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. "A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Mi ò lọ mọ́ lónìí. Ìwọ lọ sùn ní yàrá àwọn ọmọ, kí èmi sùn sórí ibùsùn tìẹ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá mọ̀ bóyá kí o di ẹrù rẹ."

Mo sọ fún un pé ọkọ mi kì í sùn, pé ó ń sá fún oorun kí ó má baà tún lù mí. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọkùnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀ náà. Ó bi mí pé kí ni dókítà ní kó máa ṣe kí oorun lè wá. Mo ní ìrìn ni, ó kọ̀, kò rìn.

Ẹ̀gbọ́n mi dé fìlà rẹ̀ padà. "Àna, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ẹni tó bá mọ àṣà wa á mọ̀ pé a kì í kọ ọ̀rọ̀ àna. Ọkọ mi lè kọ̀ fún dókítà, ó lè kọ̀ fún èmi àti àwọn ọmọ tó bí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ní kó dìde. Ó di apá àga mú, ó dìde.

Ọ̀nà Ìpakodò ni wọ́n gbà, mo ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ga, àgbẹ̀ ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn jẹ́ẹ́. Ọkọ mi kò sì lè jẹ́ kí àna òun máa dá nìkan lọ níwájú bí ẹni tí kò rí ẹni gbà á lálejò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹsẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ náà lẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ilé kan, mo ń sún mọ́ ọn láti dì í mú, ó fi ọwọ́ lé mi sẹ́yìn, ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ó rìn lọ. Ní etí omi, àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ń kí i ní ọ̀gá, ó dá wọn lóhùn. Nígbà tí wọ́n fi padà dé, aṣọ rẹ̀ ti tutù fún òógùn. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kó tòògbé lọ́sàn-án. Bí ojú rẹ̀ bá ti ń pa dé, á gbá àga rẹ̀ lẹ́sẹ̀, á sì bi í ní ọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n tún rìn dé ìkóríta, wọ́n padà. Lẹ́yìn ìrun iṣáì, ọkọ mi fi ara lélẹ̀ lórí ibùsùn, kò lè dìde lọ sí pálọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi sún ibùsùn tèmi mọ́ tirẹ̀, ó ní òun fẹ́ wà nítòsí. Èmi náà sùn ní yàrá àwọn ọmọ, mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ títí tí wọ́n fi pe ìrun àsùbáà.

Ẹ̀gbọ́n mi jáde láti ṣe àlùwàlá, ètè òkè rẹ̀ ti wú. Ó kírun tán kó tó wá jókòó tì mí.

"Ó lù mí," ló wí.

"Bọ̀dá mi, ẹ má bínú."

"Mò ń pè é, kò gbọ́. Oorun ni, mo ti rí i."

Mo bi í bóyá ó gbọ́ ohun tí ọkọ mi ń wí, torí èmi kì í gbọ́ ọ yé.

"Ó yé mi dáadáa. Ó ní, 'Ẹ ò lè mú un lọ. Ẹ fi ìyàwó mi sílẹ̀.' Ibẹ̀ ló ti gbá mi lẹ́nu."

Mo sunkún níbẹ̀, níwájú ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fi pamọ́. Kò bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní òun fẹ́ tètè dé ibùdókọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n jí ọkọ mi kó lè kí i, ó ní kí n fi í sílẹ̀, kó sùn.

Òun nìkan ló padà sí Ẹ̀pẹ́. Oòrùn ti wọ inú yàrá kí ọkọ mi tó lajú. Ó wo ibùsùn tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bi mí bóyá mo ti di ẹrù mi tán. Mo ní kó wọ bàtà rẹ̀.