Àwòrán ọkọ mi nínú ìwé ìròyìn àtijọ́

Iná tó ti ara páìpù epo jáde lẹ́yìn ilé wa ní Abúlé Adó ló pa ọkọ mi, òun náà ló jó gbogbo fọ́tò wa. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Mazamaza, ohun tó yọ mí nìyẹn. Nígbà tó yá, àbíkẹ́yìn mi obìnrin ń béèrè bí ojú bàbá òun ṣe rí. Mi ò lè sọ ọ́ dáadáa mọ́.

Mo rántí pé ìwé ìròyìn kan gbé fọ́tò rẹ̀ jáde rí. Mo bá lọ sí ilé-ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá. Wọ́n ní kí n fi báàgì mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà iná yẹn, n kì í gbé e sílẹ̀. Mo gbé e sílẹ̀.

"Ọjọ́ wo ló jáde, Mọ́mì?" ni ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bi mí.

"Ọjọ́ tá a sọ ọmọ wa kejì lórúkọ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Háà, Mọ́mì! Kọ̀ǹpútà yìí ò bá yín jẹ ìkómọ o."

Mo sọ ọjọ́ tí mo bí ọmọ náà, ó sì fi ṣírò ọjọ́ ìkómọ. Ojú ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀. Mo ti ń rí fìlà kan nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, òórùn bẹntiróòlù gba ojú fèrèsé wọlé. Ìgbà tí mo máa mọ̀, mo ti wà lójú títì, bàtà kan lẹ́sẹ̀.

Ọmọbìnrin náà mú bàtà kejì tọ̀ mí wá. "Ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ìwé ìròyìn náà gan-an wà nínú ilé."

Ní yàrá kan tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, ó ṣí ìdìpọ̀ ńlá kan fún mi. Ọkọ mi nìyẹn, láàárín àwọn tó tò fún epo ní Festac, kẹ́ẹ̀gì lórí, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé màá sunkún. Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ tó já ni mo ń wò.

"Ṣé ká ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún yín?"

Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá ni mò ń gbé báyìí, táńkì epo ò jìnnà síbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó máa wà lọ́dọ̀ yín," ni mo wí.

Nígbà ọlidé, mo mú àbíkẹ́yìn mi lọ. Ó wo fọ́tò náà títí.

"Màámi, kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n ẹ ni."

Mo gba báàgì mi lẹ́nu ọ̀nà, a sì lọ sílé.