Àjàgbọn Inú Wisikí

Mo rántí òórùn àjàgbọn, èso kíkan tí ìyá mi máa ń sè nílé wa ní Àrẹ̀mọ, láti bí oṣù kan ṣáájú Ràmàdáánì títí awẹ̀ yóò fi parí. Yóò rẹ ẹ́ mọ́jú, yóò fọwọ́ po ó títí kóró rẹ̀ yóò fi yọ, yóò sẹ́ ẹ, yóò wá gbé e kaná pẹ̀lú ṣúgà àti kànáfùrù títí yóò fi dúdú, tí yóò sì ki bí oyin. Omi tútù la fi ń là á tí a bá fẹ́ ṣínu. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sè tó ìyá mi ní gbogbo agbo ilé wa. Kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ìgò kan nínú rẹ̀ ń gbà lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Èmi ni mo ń gbé e lọ. Nígbà náà, mo ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Òkè-Àdó. Ohun tí mo sọ nílé ni pé èmi ni mo ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà, tí mo ń fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ yàrá. Ìdí káńtà ọtí gan-an ni mo wà. Ọmọ ilé kéwú ni mí, ọtí kò sì kọjá ọ̀fun mi rí. Bí mo bá po ó tán, màá fi ahọ́n kàn án, màá tu ú dànù, màá fi omi yọ ẹnu. Mo ti bá ara mi sọ ọ́ pé ẹni tí kò gbé e mì kò dẹ́ṣẹ̀.

Ọtí kan wà tí wọ́n ń pè ní wisikí sáwà: wisikí, omi ọsàn wẹ́wẹ́, ṣúgà àti yìnyín. Ilé ọtí wo ni kì í tà á? Lọ́jọ́ kan tí ọsàn wẹ́wẹ́ tán, mo da àjàgbọn ìyá mi sí i dípò rẹ̀, mo sì wọ́n ata ire lílọ̀ díẹ̀ lé e lórí. Kọ́ńtírátọ̀ kan ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó wo ife náà, ó ní, "Kí lo fi sí i?" Mo ní àṣírí ni. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, ó kó ọ̀rẹ́ dání.

Ibẹ̀ ni orí mi ti wú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ọkùnrin tí a jọ wà nídìí káńtà, mo gbà pé ó fẹ́ jí ọgbọ́n mi. Mo wé ìgò náà sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, mo tì í bọ báàgì, n kì í sì í dà á àfi tí mo bá kẹ́yìn sí ọkùnrin náà. Òun náà ń ṣọ́ mi. Mo rò pé ọlọ́gbọ́n ni mí. N kò mọ̀ pé ìkọ̀kọ̀ tí mo ń ṣe ló sọ ohun ìṣínu lásán di ohun ẹ̀rù.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ awẹ̀, ìyàwó kọ́ńtírátọ̀ já wọlé lọ́sàn-án gangan. Ó ní kí wọ́n fi ẹni tó ń fún ọkọ òun ní ohun tí kò jẹ́ kó jókòó sílé mọ́ han òun. Ọ̀gá wa, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, pè mí sí ọ́fíìsì. Ẹnìkejì mi nídìí káńtà ti rojọ́ tán pé oògùn ni mo ń bù sí ọtí. Ìgò mi ti wà lórí tábìlì.

"Kí nìyí?" ọ̀gá bi mí.

"Àjàgbọn ni, mà. Ìyá mi ló sè é."

"Mu ún ká rí i."

"Ẹ má bínú, mà. Mo ń gbààwẹ̀."

Ìyàwó kọ́ńtírátọ̀ pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò gbọ́ nǹkan! Ó ń po ọtí fún ọkọ ọlọ́kọ, ó ní òun ń gbààwẹ̀!"

Létí èmi alára, kò dún bí òótọ́. Ọ̀gá ní tí ìyá mi kò bá wá jẹ́rìí sí ohun tó wà nínú ìgò náà lọ́jọ́ yẹn, kí n má padà wá mọ́. Kí ni mo lè ṣe? Mo pè é.

Ó dé. Ó kí gbogbo wọn, ó ṣí ìgò, ó gbóòórùn rẹ̀. "Àjàgbọn mi ni," ó ní. "Èmi náà ń gbààwẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wọ̀, màá mu ún lójú yín."

Ìdí káńtà ni wọ́n fi í jókòó sí. Ó wo àwọn ìgò ọtí tó tò lẹ́yìn mi, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì bi mí ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n pèrun Mọ̀gíríbì, ó fi omi la àjàgbọn náà, ó ṣe bìsìmílà, ó mu ún tán. Ó po tèmi fún mi. Ọ̀gá náà tọ́ ọ wò, ó ní, "Àlájà, ẹ má bínú." Ṣùgbọ́n ìyàwó kọ́ńtírátọ̀ kò fọwọ́ kàn án. Ó ní ẹni tó ṣe é ló mọ ẹ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nínú takisí, bí a ṣe ń kọjá Bẹẹrẹ, ìyá mi kọjú sí mi.

"Ṣé kọ́kọ́rọ́ yàrá ló wà nínú àwọn ìgò yẹn?"

Mo sorí kọ́.

"Kò burú," ó ní.

Mo tún lo oṣù mélòó kan níbẹ̀. Mo gbìyànjú láti máa se àjàgbọn náà fúnra mi, ó ń kan gógó, àwọn oníbàárà sì padà sí ọsàn wẹ́wẹ́ wọn. Nígbà tó yá, mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, òun ni mo ń ṣe títí dòní. Ìyá mi ṣì ń se àjàgbọn lọ́dọọdún. Ìgò ló ń fún àwọn àbúrò mi gbé lọ sílé wọn. Ife ló fi ń bu tèmi, yóò sì dúró tì mí títí màá fi mu ún tán.

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Nígbà yẹn, gbogbo ènìyàn ni mo ń fura sí, àfi ara mi. Ìyá mi ní tirẹ̀ kò fura sí mi rí kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, n kò sì mọ iye ọdún tí yóò gbà kó tó padà rí bẹ́ẹ̀. N kì í bínú. Màá gba ife, màá kúnlẹ̀ dúpẹ́, màá sì rọra mu ún.